Ìlù, Dùùrù àti Ohùn Kejì: Ìtàn Kọ́ńsáàtì Orin Ilẹ̀ Wa

Àwa ni a yàn láti kọ̀wé nípa orin sínú ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí. Àwọn ẹlòmíràn ti kọ̀wé nípa àwọn tí ó gbé ìhìnrere wá, nípa ilé ìjọsìn àkọ́kọ́ tí a fi amọ̀ mọ, àti nípa àwọn olùkọ́ tí ó tọ́ wa dàgbà. Iṣẹ́ tiwa kéré jù tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún tirẹ̀ nínú. A ní kí a sọ ìdí rẹ̀ tí ìgbìmọ̀ fi pinnu pé nínú kọ́ńsáàtì ayẹyẹ yìí, ìlù àti agogo yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, àti pé àwọn ìyá tí kò mọ ìwé kà yóò dúró láàrín àwọn akọrin tí ó wọ aṣọ funfun.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà kan láàrín wa, tí àwa bọ̀wọ̀ fún gidigidi, sọ pé àwọn baba wọn kọ ìlù sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi, àti pé ohun tí baba fi sílẹ̀ lóde kò yẹ kí ọmọ gbé e padà wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ kan, ní tiwọn, sọ pé dùùrù àti orin Handel ti di ohun àtijọ́, kí a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá wá kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Ìhà méjèèjì ń fẹ́ ire ìjọ. Àwa kò ṣiyèméjì nípa èyí. Síbẹ̀ a gbà pé wọn kò tíì gbọ́ ìtàn náà tán, nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kà á fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí ojú wa rí. Ní ìgbà èwe wa, nígbà tí a wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, a ṣe kọ́ńsáàtì kan láti fi wá owó òrùlé ilé ẹ̀kọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi kọ́ ègbè Hállélúyà tí Handel ṣe. Ọ̀gá akọrin wa kọ gbogbo rẹ̀ sára pátákó ní sófà, ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣìnà a jẹ pàṣán. Òjò rọ̀ jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀rinrin sì wọ inú dùùrù kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí orin náà gòkè, ohùn méjì nínú dùùrù kọ̀ láti dákẹ́. Wọ́n ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ títí a fi parí. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún wa, ṣùgbọ́n àánú ni wọ́n fi pa á. Ọ̀gá akọrin, tí ojú ti tì, ní kí a kọ orin ìbílẹ̀ kan kí àwọn ènìyàn lè fi ayọ̀ lọ sílé.

A kò tíì kọ ẹsẹ̀ kan parí tí àwọn ìyá tí ó jókòó lẹ́yìn, tí wọ́n ti ń tòògbé láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, fi gba orin náà lẹ́nu wa. Àwọn kan nínú wọn di ohùn tiwa mú. Àwọn kan bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀lé e ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, bí ọmọ ti í tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí odò. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Oṣù mẹ́ta àti pàṣán ni ó gbà kí àwa tó mọ ohùn kejì tí ẹlòmíràn kọ sílẹ̀ fún wa. Àwọn ìyá wọ̀nyí rí tiwọn láti inú ara wọn, ní àkókò tí ènìyàn lè fi fẹ́ iná fìtílà pa. Láti òru ọjọ́ náà ni ọ̀ràn yìí ti ń jẹ wá lọ́kàn.

Nígbà tí a dàgbà ni a tó mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti kíyèsí ohun kan náà. Akin Euba, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin Nàìjíríà, kọ̀wé ní 1967 nípa ìgbà tí agberin Yorùbá bá pín sí ohùn méjì, àwọn mìíràn náà sì ti kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo agberin sábà máa ń gbà, tàbí kí ọmọdé kọ ọ́ lókè kí àgbàlagbà kọ ọ́ nísàlẹ̀. Orin wọn sì sábà máa ń dúró lórí ohùn márùn-ún. Ní apá tiwa ní ìlà-oòrùn, ní Èkìtì àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ohùn inú orin lè tó mẹ́fà tàbí méje, agberin a sì máa pín sí méjì. Bí a bá fi sófà sọ ọ́, nígbà tí ohùn èkíní bá wà ní sò, èkejì a wà ní mì. Bí èkíní bá bọ́ sí fà, èkejì a bọ́ sí rè. Ohun tí atẹdùùrù ń wá nínú ìwé rẹ̀ nìyí. Àwọn obìnrin wa tí ń sun alámọ̀ níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú àgbà ti ní etí fún orin kí aago ilé ìjọsìn kankan tó dún ní Ìjerò tàbí ní Ẹ̀fọ̀n.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé àwọn òyìnbó ni ó mú ìṣọ̀kan ohùn wá fún wa kò sọ gbogbo òótọ́. Ohùn mẹ́rin ni wọ́n mú wá. Méjì ti wà nílé.

Báwo wá ni ó ti ṣe tí a fi gbàgbé rẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run? Ogun ni. Láti 1877 títí di 1893 ni ogun Kírìjì fi jà ní àárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ ní orúkọ Èkìtìparapọ̀ láti dojú kọ Ìbàdàn. Àwa tí a wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn náà fún wa. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí, tí ó tan iná ọ̀tẹ̀ náà, aládùúgbò Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n ni. Ní 1886, àwọn àlùfáà ìjọ tiwa méjì, Charles Phillips tí ó wà ní Oǹdó àti Samuel Johnson tí ó wà ní Ọ̀yọ́, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó dé ibùdó. Nígbà tí ogun sì tú ká, àwọn ọmọ wa tí a ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di onígbàgbọ́ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó. Wọ́n gbé Bíbélì, tí a túmọ̀ rẹ̀ parí ní 1884, wá sílé pẹ̀lú ìwé orin, wọ́n sì gbé ohùn orin náà wá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ohùn Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Wọn kò mú ìlù wọ inú ìjọ. A kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín nítorí èyí. Ní ọjọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ìlù ní òrìṣà tí a ń lù ú fún, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tí ó ń pè é sí. Ẹni tí ó ti sá àsálà kì í dúró lẹ́bàá iná láti yá a. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìlù ni wọ́n sọ ohùn kejì náà nù, ìyẹn kò sì ní òrìṣà kankan nínú.

Kọ́ńsáàtì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é, Èkó ni ó ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ láàrín àwọn onígbàgbọ́ Yorùbá. Ní 1866 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Academy, fún ìmọ̀ àti ọgbọ́n ọ̀nà, Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther sì ni baba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní 1882, Robert Coker, ọmọ wa tí ó lọ kọ́ orin ní Jámánì, tí àwọn ará Èkó sì ń pè ní Mozart ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ṣe àjọ̀dún orin Handel. Àwọn tí ó ti Sàró àti Brazil dé ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń lọ sí irú eré bẹ́ẹ̀. Èdè òyìnbó ni wọ́n sì ń kọ. Ó dùn, kò sí àríyànjiyàn nínú èyí. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta ẹja lẹ́yìn ògiri gbọ̀ngàn náà kò gbọ́ ohun kan nínú rẹ̀ ju ariwo ọlọ́lá lọ.

Níhìn-ín a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó rò pé Handel kò kàn wá. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ orin Messiah ní Dublin ní ilẹ̀ Ireland, ní oṣù April 1742, kọ́ńsáàtì àánú ni, a sì lo nínú owó rẹ̀ láti san gbèsè àwọn tí a sọ sẹ́wọ̀n nítorí owó, kí wọ́n lè padà lọ sílé. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ ní ilẹ̀ wa ní ayé àtijọ́, tí baba fi ọmọ rẹ̀ sin owó, yóò mọ̀ pé orin náà kì í ṣe àlejò pátápátá. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà kí a yọ ọ́ kúrò nínú ètò wa. Owó ìtọ́jú àwọn aláìsàn tí kò ní ẹni ni a sì fẹ́ kí kọ́ńsáàtì tiwa mú wá, kì í ṣe owó ọṣọ́ ara ògiri.

Wàyí o, ohun kan wà tí ó ń da ohùn òyìnbó láàmú nínú èdè wa. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí yẹ̀ wò: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Èkíní ni obìnrin ń fẹ́, èkejì ni àgbẹ̀ ń fi roko, ẹ̀kẹta ni a ń wọ̀ lójú omi tàbí lójú ọ̀nà, ẹ̀kẹrin ni jagunjagun ń sọ. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ohun tí akọrin ń sọ kọ́ ni olùgbọ́ ń gbọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni a ti ń kọ orin bẹ́ẹ̀, ẹnu wa sì ti mọ́ ọn lára débi pé a kì í gbọ́ àṣìṣe náà mọ́. Àlejò tí kò tíì mọ orin náà ni ó ń gbọ́ ọ, a sì ń rò pé kò ní ìmọ̀.

Àwọn kan nínú àwọn baba wa ṣiṣẹ́ lórí ọ̀ràn yìí, inú ìjọ tiwa yìí náà sì ni wọ́n ti ṣe é. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí a bí ní 1855, fi orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu wọ inú ọkàn àwọn tí ìwàásù kò lè wọ̀. Ní 1922 ó kọ orin tí ó ju 40 lọ sínú àwo giramafóònù ní London fún ilé iṣẹ́ Zonophone, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń tẹ dùùrù tí ó ń kọ ọ́. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí ẹ rò pé òde òní ni olórin ń kọ orin sínú àwo: àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni.

Ní Èkó bákan náà, T. K. Ekundayo Phillips di atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní Kátídírà ti Kristi ní 1914, kò sì fi ipò náà sílẹ̀ títí di 1962. London ni ó ti kọ́ṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ Trinity, ó sì mọ orin Gẹ̀ẹ́sì dé gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n ó jókòó ti èdè Yorùbá bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó ń wá bí ohùn orin yóò ti máa tọ ipa ohùn ọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ìdáhùn tí ó ṣe fún ìsìn ní èdè wa ti dé ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn tí kò mọ orúkọ rẹ̀, bóyá tiwa pẹ̀lú.

Lábẹ́ Phillips ni Fela Sowande ti kọrin nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ọ̀yọ́ ni a bí i sí ní 1905, ọmọ àlùfáà tí ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's ni. Ó lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, orin sì gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ náà. Ní 1943 ó gba oyè gíga ti àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó ṣe African Suite, fún àwọn ohun èlò olókùn tí òyìnbó ń ta. Apá márùn-ún ni ó ní. Apá àkọ́kọ́ gbé ohùn orin Ephraim Amu ti ilẹ̀ Ghana lé orí, èyí tí ó kẹ́yìn sì ń jó bí háíláìfù. Amu yìí náà, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Presbyterian ní Akropong. Ó ń wọ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ wàásù, ó sì ń lo ohun èlò orin ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1933 wọ́n dá a dúró. Ní 1944 orin rẹ̀ ti wà nínú iṣẹ́ Sowande ní London, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ilẹ̀ tiwa, ohun tí ó dé bá wa ní àkókò náà yàtọ̀, ó sì dùn wá. Ní 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà nípasẹ̀ Joseph Ayo Babalola, kò sì pẹ́ tí ó fi dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú tí ó wá di ibùjókòó rẹ̀, tí a sì sin ín sí ní 1959. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń kọ orin tí ẹnu ń kọ kí ìwé tó dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi àga wa sílẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé nítorí ìwòsàn ni, òótọ́ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti bá àwọn arúgbó díẹ̀ sọ̀rọ̀ tí òbí wọn lọ ní ìgbà náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ni orin. Wọ́n ní níbẹ̀ ni ẹnu ìyá àwọn ti là. Ẹ̀fọ̀n kan náà ni Agbọ́nbíọfẹ́ ti gbẹ́ òpó ààfin Aláayè ní nǹkan bí 1912 sí 1916, tí àwọn ènìyàn ń ti òkè òkun wá wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ìlú tí ọwọ́ rẹ̀ lè fọhùn lára igi tó báyìí, àwa ń sọ fún un pé kí ó pa ẹnu mọ́ títí atẹdùùrù yóò fi ṣí ìwé.

Hubert Ogunde ṣe eré olórin nípa ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ní 1944, láti inú rẹ̀ ni tíátà alárìnkiri Yorùbá sì ti gbòòrò. Ìjọ Aládùúrà ni ó gbà á. Tiwa ní ìtàn mìíràn.

Ìtàn yìí ni ó yẹ kí ẹ̀yin àgbà wa gbọ́ dáadáa. Duro Ladipo jẹ́ ọmọ katikíìsì ìjọ Áńgílíkà. A rán baba rẹ̀ lọ síṣẹ́ Olúwa ní Ọ̀tan-Ayégbajú, kò sì jìnnà sí ibi tí ogun Kírìjì ti jà, nítorí náà ọmọ náà dàgbà láàrín àwọn ènìyàn tí orin wọn súnmọ́ tiwa. Ní 1961, nígbà tí ó wà ní Òṣogbo, ó ṣe kàntátà Àjíǹde kan fún ìjọ All Saints, ó sì fi ìlù sí i. Ìtàn Jésù ni. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni. Kò sí òrìṣà kan tí a pè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù náà dá awuyewuye sílẹ̀, àwọn aṣáájú kan nínú ìjọ sì sọ pé kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ladipo gbé kàntátà rẹ̀ jáde kúrò nínú ìjọ, ó lọ ṣe é níbòmíràn. Ní oṣù March 1962 ó dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Láti ibẹ̀ ni Ọba Kòso ti jáde, tí ó gbé e dé Berlin ní 1964 àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kejì. Ẹni tí ó fẹ́ fi ìlù yin Jésù ni a lé síta, Ṣàngó ni ó sì wá fi í kọrin fún gbogbo ayé.

Àwa kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn tí ó kọ̀ fún un fẹ́ pa ilé Ọlọ́run mọ́. Ṣùgbọ́n a bèèrè lọ́wọ́ ara wa nínú ìgbìmọ̀ pé, ta ni ó jèrè? Kò sẹ́ni tí ó rí èsì fún un. Ọjọ́ náà ni àgbà kan nínú wa, tí ó ti ń ta kò wá láti ìbẹ̀rẹ̀, mú kálàmù tí ó sì buwọ́ lu ìwé ètò náà. Ó ní òun kò tíì gbà, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí ọmọ òun jẹ́ Ladipo kejì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn Ladipo tí ilẹ̀kùn fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Ní 1970 Ayo Bankole ṣe Ọ̀nà Àrà, níbi tí agberin, dùùrù àti àwọn ohun èlò orin Yorùbá ti jọ ń fọhùn. Ní 1983 ni àwọn olùfẹ́ orin ní Èkó dá ẹgbẹ́ MUSON sílẹ̀, gbọ̀ngàn wọn sì wà ní Onikan títí di òní, níbi tí a ti ń gbọ́ Beethoven àti Sowande lábẹ́ òrùlé kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ń gbé ibẹ̀ ń san owó láti gbọ́ ohun tí ìyá wọn lè kọ lọ́fẹ̀ẹ́ nílé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ti ara wa. Ajerò, Alárá àti Aláayè, adé mẹ́ta ni, olúkúlùkù sì ní ìtàn ọlá rẹ̀. Nígbà tí a pe ẹgbẹ́ akọrin Ìjerò, ti Àrámọ̀kọ àti ti Ẹ̀fọ̀n láti wá bá wa kọrin, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe ti ìlù mọ́. Ta ni yóò kọ́kọ́ kọ ni. Ìlú kan ní òun kò lè kọrin lẹ́yìn ìlú kejì. A kò ní dárúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Ìwé lọ, ìwé bọ̀, ó sì dà bí ẹni pé Èkìtìparapọ̀ fẹ́ tú ká nítorí orin mẹ́ta. Nígbà tí ó pọ̀ jù, a sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ kan kò ní dá kọ: gbogbo wọn yóò jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan, a ó sì pín wọn gẹ́gẹ́ bí ohùn, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìlú. Básì Ẹ̀fọ̀n yóò dúró ti básì Ìjerò, àwọn tẹ́nọ̀ Àrámọ̀kọ yóò sì wà láàrín wọn. Àwọn kan kùn díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́.

Ìmúrasílẹ̀ náà kọ́ wa ní ohun púpọ̀ tí ìwé kankan kò sọ fún wa. Dùùrù kì í yí ohùn rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n awọ ìlù a máa dẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ní orí òkè Ẹ̀fọ̀n ní òwúrọ̀ pàápàá. Nítorí náà, àwọn àyàn ni ó gbọdọ̀ ká awọ wọn sínú oòrùn, kí wọ́n sì fi etí sí dùùrù kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, títí ìyáàlù yóò fi rí ibi tí yóò dúró sí. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, a fi àwọn onílù sẹ́yìn akọrin, ìlù sì bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì a fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ sì jáde. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń bèèrè, a gbé e síta fún àwọn tí kò rí àyè wọlé. Nínú ilé, a kò fẹ́ kí ohun kankan wà láàrín etí àti ẹnu.

Ọ̀rọ̀ èdè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà mìíràn. Nínú ìwé orin wa, ilé ni a kọ. Nínú ẹnu àwọn ìyá wa, ulé ni. Olùkọ́ kan fẹ́ kí a tún un ṣe fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti kọ ọ́ bí ó ti wà nínú ìwé, ohùn kejì náà sọnù kíá. Wọ́n ń ronú, wọn kò kọrin mọ́. A ní kí wọ́n kọ ulé.

Àwọn mẹ́rìndínlógún ni àwọn ìyá tí a rí tí ó ṣì lè kọ ohùn kejì náà láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. A ti fi ọmọbìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ akọrin sí ẹ̀gbẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kì í ṣe láti dì wọ́n mú bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí náà wúlò, bí kò ṣe kí ọmọ náà lè gbọ́. Méjì nínú àwọn ọmọbìnrin náà ti ń ṣe é báyìí. Nígbà tí a bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ti mọ̀ ibi tí ohùn yóò bọ́ sí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Màmá ni ó fi ìgúnpá gún àwọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kọ́ńsáàtì náà, lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́. Orin Messiah ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, àti Sowande lórí dùùrù, lẹ́yìn náà ni àwọn ìyá yóò dìde. A bẹ ẹ̀yin àlejò wa kí ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó parí, nítorí wọ́n lè rò pé ẹ ní kí àwọn jókòó. Ọkọ̀ méjì yóò gbé wọn padà, ọ̀kan sí ọ̀nà Ìjerò, èkejì sí Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, ẹni tí ó bá sì ní àyè nínú ọkọ̀ rẹ̀ kí ó jọ̀wọ́ sọ fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.